Àwọn Máṣíìnì Àtijọ́ Ojú Ọ̀nà Ìkìrun sí Òkukù

Alùpùpù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tí Yorùbá fi etí sọ lórúkọ. Kí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó rí ẹni tó ń bọ̀, ó ti gbọ́ pù-pù-pù tí ẹ́ńjìnì ń lù, ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti wá. Ṣùgbọ́n ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, máṣíìnì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu ará ilé. Máṣíìnì ni ti ẹni tó ń gùn ún lọ sí oko, sí ilé ẹ̀kọ́, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Bó bá ti ń gbé èrò tó ń gbowó, ó ti di ọ̀kadà nìyẹn. Nǹkan kan náà ni, ṣùgbọ́n ayé méjì ló ń jẹ. Ọ̀kadà kì í pẹ́ gbó, nítorí àárọ̀ dalẹ́ ló ń sáré, ẹni tó ń gùn ún kì í sì í sábà jẹ́ ẹni tó ni ín. Máṣíìnì inú ilé lè pé ogójì ọdún, ó lè pé àádọ́ta, ọmọ lè jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀, tó ti dàgbà tí kò sì tíì fẹ̀yìn tì, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ìkìrun, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, jẹ́ oríta. Ọ̀nà Òṣogbo wọ ibẹ̀, ọ̀nà Ìràgbìjí wọ ibẹ̀, ọ̀nà Ìrèé àti Àdá tó lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún náà sì ń ti ibẹ̀ yà. Èyí tó kù dorí kọ àríwá: ó gba Ìnísà, ó gba Òkukù tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, kó tó kọjá sí Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ojú irin tó ti Èkó wá dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Nígbà náà, rélùwéè ń gbé irè oko lọ sí ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kò wọ oko ẹnikẹ́ni. Láti ebè iṣu tàbí ìdí igi kòkó dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Àlàfo tó wà láàárín oko àti ojú ọ̀nà ńlá yìí ni gbogbo ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wọ agbègbè náà wá dí.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ dé, Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham ni orúkọ rẹ̀ sì gbilẹ̀ jù. Máṣíìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. BSA wà lára wọn. Àmì rẹ̀ ni ìbọn mẹ́ta tí wọ́n fi orí kọ́ra, nítorí pé ìbọn ni iléeṣẹ́ náà ń rọ ní Birmingham kó tó bọ́ sídìí kẹ̀kẹ́ àti máṣíìnì. Èyí tó mọ níwọ̀n jù nínú tiwọn ni Bantam. Ó jáde ní 1948, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 123 cc, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀ títí di 1971. Àwòkọ máṣíìnì DKW ti ilẹ̀ Jámánì ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlànà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìtanràn lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Jámánì yìí náà ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ti kọ́kọ́ so ẹ́ńjìnì epo mọ́ kẹ̀kẹ́ onígi ní 1885.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì, ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì di ohun tó nira láti wà, nítorí awakọ̀ kò rí iwájú dáadáa mọ́ bó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Kò kan máṣíìnì: àárín gbùngbùn ni ẹni tó ń gùn ún jókòó sí. Ìdí kan nìyẹn tí máṣíìnì tó ti wà ṣáájú ọjọ́ náà fi ń bá iṣẹ́ lọ láìsí àtúnṣe kankan.

Àwọn ará Jàpáànù ló sọ máṣíìnì di ti tolórí tẹlẹ́mù. Soichiro Honda dá iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1948, nígbà tó sì di 1958 ó gbé Super Cub jáde. Ohun tó ń wá ni máṣíìnì tí ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gùn. Nítorí náà kò sí kílọ́ọ̀ṣì tí ọwọ́ ń tẹ̀ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló ń pààrọ̀ jíà. Àárín rẹ̀ ṣófo, ẹni tó ń gùn ún kò ní láti gbé ẹsẹ̀ ré kọjá síìtì, ike fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan sì dí ojúgun kí ẹrẹ̀ má ta sí i. Obìnrin tó ró ìró lè jókòó sórí rẹ̀ láìtú aṣọ. Abájọ tí irú máṣíìnì tí àárín rẹ̀ ṣófo fi ń jẹ́ lédíìsì káàkiri Nàìjíríà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin tó ń gùn ún kò kéré. Nígbà tó fi máa di 2017, Super Cub tí wọ́n ti ṣe jáde ti pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Kò sí ohun èlò ìrìnnà mìíràn tó ní ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé.

Benly ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orúkọ náà jáde láti inú ọ̀rọ̀ Jàpáànù kan, benri, tó túmọ̀ sí ohun tó rọni lọ́rùn. Èyí tó lókìkí jù nínú ìdílé Benly ni CD 175. Písítíìnì méjì ló wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀, ìyẹn ni ohùn rẹ̀ kì í fi í já gánrangànran bíi ti ẹlẹ́yọ kan. Ó máa ń dún bí ẹni tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì irin bo ṣéènì rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko kọjá nígbà òjò mọ ohun tí èyí jásí: ṣéènì tí kò fojú kan ẹrẹ̀ àti iyanrìn a máa pẹ́ ní ìlọ́po ọdún tí èyí tó wà níta ń lò. Suzuki àti Yamaha bá Honda du ọjà náà, ṣùgbọ́n Honda ló kọ́ iléeṣẹ́ sí Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 1979, láti máa to máṣíìnì pọ̀ nílẹ̀ yìí.

Owó tí wọ́n fi ra ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ tirẹ̀. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí parí iṣẹ́ lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sókè nígbà náà, ìjọba Yakubu Gowon sì fara mọ́ àfikún owó oṣù, ó tún san ẹ̀yìnwá rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Olùkọ́ tí owó rẹ̀ kì í kọjá oúnjẹ àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rí owó gọbọi gbà lọ́jọ́ kan. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, akọ̀wé kóòtù, wolé-wolé, gbogbo wọn ló rí i gbà. Wọ́n ra rédíò, wọ́n ra fáànù, wọ́n ra máṣíìnì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí máṣíìnì àgbàlagbà kan kò nílò ìwé. Kó sáà béèrè bóyá owó Údójì ni wọ́n fi rà á. Ìdáhùn tó bá gbọ́ yóò fi hàn án bóyá ti ṣáájú 1975 ni tàbí ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Fẹ́sípà náà wà lọ́jà ní àkókò yẹn, òun sì ni ẹwà rẹ̀ kò tíì ṣá lójú ẹnikẹ́ni. Èdè Ítálì ni orúkọ rẹ̀, agbọ́n ló túmọ̀ sí, nítorí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ sì gbàrà. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán rẹ̀ fún iléeṣẹ́ Piaggio ní 1946 jẹ́ oníṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Kò fẹ́ràn alùpùpù rárá, ó ní wọ́n máa ń dọ̀tí aṣọ, pé ó ṣòro láti pààrọ̀ táyà wọn. Nítorí náà kò fi ọ̀pá irin kọ́ férémù. Irin pẹlẹbẹ ló tẹ̀ mọ́ra wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ ara ọkọ̀ òfuurufú. Ó fi ẹ́ńjìnì pamọ́ sí abẹ́ ìbàdí ọ̀tún, ó kó jíà sí ọwọ́ òsì, ó sì ṣe táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ní ìwọ̀n kan náà, kí táyà kẹta kan lè ran èyíkéyìí tó bá jò lọ́wọ́. Pásítọ̀ tó wọ aṣọ funfun àti àáfà tó wọ agbádá lè gùn ún dé òde láìjẹ́ pé ọ́ìlì ta sí wọn láṣọ. Apata irin tó wà níwájú ń gba ẹrẹ̀ dúró. Ohun ìrìn ẹni iyì ni.

Fẹ́sípà ní òfin kan tí ẹni tó ń gùn ún kò gbọdọ̀ gbàgbé. Oríṣi ẹ́ńjìnì méjì ló wà lára máṣíìnì. Nínú ti Honda, ọ́ìlì jókòó sísàlẹ̀ láyè tirẹ̀, epo sì ń gba òkè wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni písítíìnì ń gòkè sọ̀ kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ti Fẹ́sípà, gbogbo ìgbà tí písítíìnì bá gòkè ni iná ń ṣẹ́, epo bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ ló sì ń kọjá láàárín àwọn irin inú, nítorí náà òun gan-an ló gbọ́dọ̀ gbé ọ́ìlì dání. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan ọ́ìlì sí àádọ́ta ìdá epo: ogún mílílítà sí lítà kan. Bí ọ́ìlì bá kéré, irin á jẹ irin, ẹ́ńjìnì á há lójú ọ̀nà. Bó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dú, èéfín á sì bo àdúgbò. Suzuki A100 náà jẹ́ irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ike ọ́ìlì tirẹ̀ àti páǹpù kékeré tó ń po ó fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti mọ Suzuki fi lè ba Fẹ́sípà jẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yá a gùn. Wọ́n kọ ìwọ̀n yìí sínú ìwé ìtọ́ni tó bá Fẹ́sípà wá, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ta Fẹ́sípà lónìí sọ ọ́ kó tó gba owó.

Ìtọ́jú òòjọ́ ló ń mú kí máṣíìnì pẹ́. Láàárọ̀, kí ẹni tó ni ín tó tan kọ́kọ́rọ́, á ti fi àtàǹpàkò tẹ táyà méjèèjì wò, á mi máṣíìnì díẹ̀ láti gbọ́ bí epo ṣe pọ̀ tó nínú táǹkì, á ṣí ẹnu epo, á fi ẹsẹ̀ tẹ kíkì lẹ́ẹ̀mejì láìtíì tan iná kí ọ́ìlì lè gòkè. Lẹ́yìn náà ni yóò tan án. Bí ẹ́ńjìnì bá gbà, kò ní sáré kúrò. Á jẹ́ kó móoru díẹ̀. Láti Ìkìrun lọ sí Ìnísà, ọ̀dà ni, máṣíìnì á máa lọ ní jíà kẹta tàbí kẹrin. Ibi tí ọ̀nà oko bá ti yà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: jíà kejì, ẹsẹ̀ méjèèjì nítòsí ilẹ̀, ojú níwájú láti wá gbòǹgbò àti kòtò. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, iṣu tàbí kẹ́ẹ̀gì epo pupa á ti wà lẹ́yìn, rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù ògbólógbòó ni wọ́n fi ń dè é. Kò sí okùn tó dára tó o, nítorí ó máa ń fà bí máṣíìnì bá fò, ó sì máa ń padà mú.

Bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí ni ìtọ́jú ń yí. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ máa ń dì sáàárín táyà àti irin tó bò ó títí táyà kò fi ní yí mọ́, igi ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Ó ń gba ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí wọlé, ó sì ń gé ojú písítíìnì bí yanrìn ṣe ń gé abẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ a máa yọ fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, á fi epo fọ̀ ọ́, á sá a kó gbẹ, á sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára kó tó dá a padà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì lè fi ọdún mẹ́wàá kún ẹ̀mí ẹ́ńjìnì. Ẹni tó ń gùn ún náà nílò ààbò: akoto di dandan láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé e. Àwọn ọlọ́kadà kan láwọn ìlú ńlá dé igbá àti ike ọ̀dà dípò rẹ̀ nígbà náà, ohun tó lè já sí ikú ni, nítorí igbá kò lè gba orí là lọ́wọ́ ọ̀dà.

Ohun tó yí ayé máṣíìnì padà ni ètò ọrọ̀ ajé SAP tí ìjọba Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986. Náírà já, owó oṣù kò ká ohun tó ń ká tẹ́lẹ̀ mọ́, òṣìṣẹ́ tó fi owó Údójì ra máṣíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́. Orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni àwọn èèyàn fi pe òwò tuntun náà, nítorí pé ó ń fò kọjá nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ Benly àti Suzuki rere ló kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí, torí wọn kò ṣe wọ́n fún kí èèyàn mẹ́ta gùn wọ́n láti ìdájí títí di òru. Jincheng ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó jẹ́ àwòkọ Suzuki AX100, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, kí Bajaj Boxer ti ilẹ̀ Íńdíà tó wá borí gbogbo wọn. Lónìí, Bajaj ni akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù máa ń gùn lọ sí kíláàsì. Èyí tó gba àwọn àtijọ́ là ni pé iṣẹ́ ọ̀kadà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Vintage Motor Cycle Club, láti 1946 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Níbẹ̀, máṣíìnì tó bá ti lé ní ogójì ọdún kì í san owó orí ọkọ̀ mọ́. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ fi ń bo tiwọn, ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ni wọ́n ń gbé e jáde. Ní Ìkìrun, Honda tí wọ́n rà ní 1975 ṣì lè máa ru iṣu, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ohun àfiṣèrántí. Ẹ́ńjìnì a sì máa fẹ́ ìlò ju ìsinmi lọ. Bí wọ́n bá ń gùn ún, ọ́ìlì ń kárí, rọ́bà inú kì í gbẹ, epo kì í dì nínú kábúrétọ̀. Èyí tí wọ́n fi aṣọ bò fún ọdún mẹ́wàá lè dán lójú kó sì ti kú nínú.

Síbẹ̀, èyí tó ti sùn pọ̀ ju èyí tó ń rìn lọ. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ mọ́ látìgbà tí bàbá ti kú. Ẹni tó bá ń wá wọn kì í kọ́kọ́ wo ọ̀dà ara wọn. Nọ́ḿbà tí wọ́n lù sára férémù àti sára ẹ́ńjìnì ni yóò wò, bóyá wọ́n bá ìwé mu. Ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìyebíye. Èyí tí wọ́n kọ ní 1975 á máa pe ìjọba ní ti Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ti 1980 á pè é ní ti Ọ̀yọ́. Ti 1992 á pè é ní ti Ọ̀ṣun. Máṣíìnì kan lè ti la ìpínlẹ̀ mẹ́ta kọjá láìkúrò ní Òkukù. Nínú àpò irinṣẹ́ abẹ́ síìtì, ó ṣeé ṣe kí sípánà àkọ́kọ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí lára ṣì wà níbẹ̀. Kò yẹ kí ẹni tó rà á kó wọn dànù.

Mẹ́káníìkì tó ti dàgbà ṣe pàtàkì ju pátì lọ. Pátì ṣeé rà: ọjà Nkwo ní Nnewi, ní ìpínlẹ̀ Anambra, ni orísun pátì máṣíìnì tó tóbi jù ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ rọ́bà àti bẹ́ríìnì ti tuntun sì bá ti àtijọ́ mu. Ohun tí kò ṣeé rà ni etí tó lè gbọ́ ẹ́ńjìnì kó mọ̀ bóyá fáàfù ló le jù tàbí ṣéènì inú ló dẹ̀. Iṣẹ́ tó ń dunni jù ni ti ẹni tó yọ ẹ́ńjìnì Benly olórí méjì kúrò, tó gbé ẹ́ńjìnì ẹlẹ́yọ kan ti Ṣáínà sínú férémù rẹ̀. Á rìn, epo tó ń jẹ kò ní pọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ, kò sì ní padà.

Bí wọ́n bá fẹ́ jí máṣíìnì tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í fi ẹsẹ̀ tẹ kíkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú, wọ́n á da ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sínú ihò rẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ọ́ìlì lè wọ ibi tí ríìngì ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n á wá kó o sí jíà tó ga jù, wọ́n á ti máṣíìnì síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí písítíìnì fi máa yẹ̀. Wọ́n á da epo àtijọ́ inú táǹkì nù, nítorí ó ti di omi pupa tó ń rùn. Wọ́n á tú kábúrétọ̀, wọ́n á fi irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo la ihò kékeré inú rẹ̀, wọn kò ní fi abẹ́rẹ́ ṣe é kí ihò má baà fẹ̀. Wọ́n á fi pépà oníyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ojú pọ́ìǹtì títí yóò fi dán. Ọ́ìlì tuntun, epo tuntun, púlọ́ọ̀gì tuntun. Ìgbà náà ni ẹni tó lágbára jù nínú ilé á wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan, kò gbà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó húkọ́. Bó bá gbà, èéfín funfun á kọ́kọ́ bo ẹ̀yìnkùlé nítorí ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i, ẹ́ńjìnì á kọsẹ̀, á tún dìde, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́sẹẹsẹ, pù-pù-pù, àwọn aládùúgbò tó ti gbọ́ ọ rí á sì dárúkọ ẹni tó máa ń gùn ún kí wọ́n tó jáde wá wò ó.